Kíkọ́ Ìwúkàrà ní Iṣẹ́ Ewé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn níbi ayẹyẹ àyájọ́ ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́

 

Àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń kọ́ kòkòrò àìfojúrí, pàápàá ìwúkàrà, láti ṣe àwọn oògùn àti ohun adùn tó jẹ́ pé inú ewé, èso, èèpo igi àti gbòǹgbò nìkan ni ẹ̀dá ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀. Ìtàn oògùn ibà ni yóò gba ibi tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun ló lọ jìnnà jù, òun náà ló sì kan ilé kọ̀ọ̀kan níhìn-ín.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ INÚ AGBÈ

Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní ìdájí máa ń dùn bí omi ṣúgà. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, ìfófòó á bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́nu agbè. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó sì ti ń pa ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò da nǹkan kan sí i. Ìwúkàrà tó ń gbé lára ọ̀pẹ àti nínú agbè ló jẹ ṣúgà inú ẹmu, tó sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń hó. Saccharomyces cerevisiae ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Òun náà ni àwọn oníbúrẹ́dì ń rà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní yíìsì, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò ọtí bàbà.

Kì í ṣe òun nìkan. Bakitéríà ló ń mú kí ògì kan. Ìyá oníirú tó se kóró igbá, tó bó o, tó fọ̀ ọ́, tó dì í sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé tó sì fi àpò bò ó kí ooru má bàa jáde, ńṣe ló ń tẹ́ ibùsùn fún bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis. Fún bí ọjọ́ mélòó kan ni bakitéríà náà yóò fi jẹ kóró náà, òórùn irú á sì gba ilé kan. Ìyá yìí kò rí òṣìṣẹ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí òṣìṣẹ́ náà fẹ́: ooru àti ọ̀rinrin. Ìmọ̀ gidi ni èyí. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìwúkàrà inú ẹmu, iṣẹ́ tí a bí mọ́ ọn ló ń ṣe. Láti nǹkan bí ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti mọ bí wọ́n ṣe lè gé jíìnì kúrò lára ohun abẹ̀mí kan kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti òmíràn. Jíìnì ni ìtọ́ni tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ fún un ohun tí yóò ṣe. Ní ọdún 1978, wọ́n fi jíìnì ènìyàn sínú bakitéríà E. coli, bakitéríà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe insulin, oògùn tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń gún lábẹ́rẹ́. Ní ọdún 1982, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa tà á. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, inú àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù ni wọ́n ti ń fa insulin yọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni insulin. Purotéènì kan ni, ìtọ́ni rẹ̀ kò sì gùn. Ohun tó wà nínú ewé le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ EWÉ MỌ̀

Igi kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá. Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, bí ewúrẹ́ bá ń já a, ibi tó wà náà ni yóò ti jà. Nítorí náà, ewé mọ oró ṣe, ó mọ ìkorò ṣe, ó mọ òórùn tí ń lé kòkòrò ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú ohun ìjà wọ̀nyí ni ẹ̀dá ti sọ di oògùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé igi kì í ṣe é ní ọ̀pọ̀, ìwọ̀nba tó máa tó òun lò ló ń ṣe. Òdòdó kan wà tó ti Madagásíkà wá, tó ní pupa rẹ́súrẹ́sú àti funfun, tó sì ń hù nínú ọgbà ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín. Catharanthus roseus ni orúkọ rẹ̀. Inú ewé rẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ vinblastine ti ń wá. Kí ènìyàn tó rí gíráàmù 1 vinblastine, ó ń lọ sí bíi 500 kìlógíráàmù ewé gbígbẹ. Gíráàmù kan kò tó ẹ̀kún ṣíbí tí ọmọdé fi ń mu oògùn.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì lè gbìyànjú láti to irú mólékù bẹ́ẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele rẹ̀ pọ̀, owó tó ń gbà sì ju èrè lọ. Ọ̀nà kìíní ni kí a máa já ewé, ọ̀nà kejì ni ti kẹ́mísìrì yìí. Ọ̀nà kẹta ni kí a wo bí ewé ṣe ń ṣe é, kí a ṣe àdàkọ àwọn jíìnì tó ń darí iṣẹ́ náà, kí a kó wọn fún ìwúkàrà, kí ìwúkàrà máa jẹ ṣúgà kó sì máa yọ oògùn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń rin ín, ẹnì kan ń dì í sápò tó ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan ń kù ú, ẹnì kan jókòó ti agbada ó ń yan án. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá wá sí iṣẹ́, gàrí kò ní jáde. Ohun tó máa jáde lè pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára, nítorí oró inú ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Inú ewé náà nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni a ń pè ní ẹ́ńsáímù. Ẹ́ńsáímù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀, ó ń gba mólékù lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ó ń yí i padà díẹ̀, ó ń fà á lé ẹni tó tẹ̀lé e lọ́wọ́. Ewé kan lè ní ọgbọ̀n irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìlà kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó iṣẹ́ náà lọ sínú ìwúkàrà gbọ́dọ̀ kó gbogbo wọn, kó sì rí i pé ẹnì kan kò ṣe jù, ẹnì kan kò ṣe kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó kóra jọ láàárín lè pa ìwúkàrà fúnra rẹ̀.

ÌTÀN OÒGÙN IBÀ

Nígbà tí ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ibà ń pa ọmọ ogun ju ìbọn lọ ní àwọn ibì kan, oògùn chloroquine kò sì ràn án mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ àṣírí kan sílẹ̀ láti wá oògùn tuntun. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Iṣẹ́ 523. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou wà lára àwọn tó ṣe é. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó lé ní 2000 àkọsílẹ̀ egbòogi ìbílẹ̀ jọ, wọ́n wo ìwé àtijọ́, wọ́n lọ bá àwọn àgbà oníṣègùn. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao, Artemisia annua, ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà ò yé ẹnikẹ́ni.

Ìwé oníṣègùn kan, Ge Hong, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ló là á. Ohun tí Ge Hong júwe ni pé kí a rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu omi rẹ̀. Kò sọ pé kí a sè é. Oníṣègùn Yorùbá kò ní bi ohun tó fa ìyàtọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ewé tí a ń gbo sí omi tútù wà lọ́tọ̀, ewé tí a ń sè lágbo wà lọ́tọ̀, wọn kì í sì í ṣe ara wọn. Tu Youyou rò ó pé bóyá iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó pa omi gbígbóná tì, ó lo ether, nǹkan olómi tó ń hó nígbà tí ooru kò tíì pọ̀, láti fi fa oògùn náà yọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, oògùn tí wọ́n fún lọ́nà yìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 191, pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára àwọn eku tí wọ́n fi dánwò. Kí wọ́n tó fún aláìsàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn. Ní ọdún 1972, wọ́n rí ògidì artemisinin. Ní ọdún 2015, Tu Youyou gba ẹ̀bùn Nobel.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní ọdún 2001 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí chloroquine kò ràn mọ́ máa lo artemisinin pẹ̀lú oògùn mìíràn tí a pa pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 2005, Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ìtọ́jú. Páálí oògùn ibà tí a kọ ACT sí lára, tó wà ní gbogbo ilé ìtajà oògùn nílẹ̀ yìí, òun ni. Nàìjíríà nìkan ló ń ru bí ìdá kan nínú mẹ́rin àìsàn ibà tó wà ní gbogbo ayé, nítorí náà ibi tí ewé yìí ti ń wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà nìkan.

Ìṣòro wá bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí àgbẹ̀ bá ti gbin ewé náà títí oògùn yóò fi jáde ń tó bí ọdún kan àtààbọ̀, ohun tó sì wà nínú ewé gbígbẹ kì í sábà pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí gbogbo ayé ń wá a ní ọdún 2005, kìlógíráàmù 1 gun lé ní 1000 dọ́là. Àwọn àgbẹ̀ ní Ṣáínà, Vietnam àti ìlà-oòrùn Áfíríkà sáré gbìn ín. Nígbà tó di ọdún 2007, ó ti já wá sí bíi 200 dọ́là, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì jẹ gbèsè, wọ́n fi í sílẹ̀. Iye owó tó ń fò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé ìlera ọmọdé lé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Jay Keasling ní yunifásítì Berkeley ní California rí i pé ìwúkàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iṣẹ́ náà. Ìwúkàrà ní ọ̀nà kan nínú ara rẹ̀ tó ti ń tọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ń fọ́ ṣúgà sí wẹ́wẹ́, ó ń so wẹ́wẹ́ náà pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí yóò fi di ọ̀rá kan tí a ń pè ní ergosterol, èyí tó fi ń tún awọ ara rẹ̀ ṣe. Oríta kan wà láàárín ọ̀nà yìí. Mólékù tó dúró ní oríta náà ń jẹ́ farnesyl pyrophosphate, ó sì wà nínú ewé artemisia náà. Nínú ìwúkàrà, ọ̀nà ergosterol ló ń yà sí jù. Nínú ewé, apá kan ń yà sí ọ̀nà artemisinin. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, nígbà náà, kì í ṣe láti la ọ̀nà láti ìpìlẹ̀. Oríta ni wọ́n ní láti tún ṣe.

Ní ọdún 2003, Keasling àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lo bakitéríà E. coli, ó sì ṣe amorphadiene, mólékù àkọ́kọ́ lẹ́yìn oríta. Ní ọdún 2004, àjọ Bill àti Melinda Gates fi mílíọ̀nù 42.6 dọ́là ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ̀ síwájú ni bakitéríà dúró, torí ẹ́ńsáímù ewé tó kàn lórí ìlà nílò irú yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí bakitéríà kò ní. Ìwúkàrà ní i. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sínú ìwúkàrà.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ yẹ kí a wò ó dáadáa. Wọ́n fẹ ojú ọ̀nà tó ń bọ̀ ní oríta kí èrò lè pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi jíìnì ewé síbẹ̀ tó ń yà wọ́n sí ọ̀nà artemisinin. Wọ́n wá ní láti dín ojú ọ̀nà ergosterol kù, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ dí i pa, nítorí ìwúkàrà tí kò rí ergosterol yóò kú. Wọ́n so ilẹ̀kùn kan mọ́ jíìnì ọ̀nà ergosterol, èyí tó máa ń sé díẹ̀ bí wọ́n bá da nǹkan kan sínú àgbá. Methionine ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i, ó sì wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n rí ilẹ̀kùn mìíràn tí iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù lè sé, irú èyí gan-an tí àwọn olóko kòkó ń pò mọ́ ẹfun láti fi wọ́n kòkó tó ń jẹrà. Owó kékeré ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi tún irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2006, wọ́n kéde pé ìwúkàrà ti ń ṣe artemisinic acid, ohun tó kù díẹ̀ kó di artemisinin. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù ni wọ́n ń rí nínú lítà kan. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí àwọn ẹ́ńsáímù mìíràn nínú ewé tó ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́, ó di gíráàmù 25 nínú lítà kan, ìlọ́po 250. Ó pọ̀ débi pé artemisinic acid náà dì bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ara ìwúkàrà. Wọ́n da òróró kan lé omi inú àgbá, òróró náà sì ń fa oògùn náà mọ́ra bí epo pupa ṣe máa ń fa àwọ̀ ata.

Ìpele tó kẹ́yìn kò sí lọ́wọ́ ìwúkàrà. Nínú ewé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń parí iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi iná lámpù ṣe bí oòrùn.

OHUN TÍ ỌJÀ ṢE

Ilé iṣẹ́ Amyris, tí Keasling wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fún ilé iṣẹ́ Sanofi ti ilẹ̀ Faransé ní àṣẹ ìṣe rẹ̀ láìgba owó. Ní ọdún 2013, Sanofi ṣí ilé iṣẹ́ sí Garessio ní Ítálì. Bùlìgéríà ni ìwúkàrà ti ń ṣe tirẹ̀, Garessio ni wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ parí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà lágbára láti ṣe 50 sí 60 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Wọ́n ní àwọn kò ní jẹ èrè, àwọn kò sì ní pàdánù: 350 sí 400 dọ́là ni wọ́n ń ta kìlógíráàmù kan.

Àwọn àgbẹ̀ kò dúró. Wọ́n ti gbìn ín kún ilẹ̀, ti oko sì já wá sí ìsàlẹ̀ 250 dọ́là. Àwọn tó ń po oògùn ibà ra ti oko. Ní ọdún 2015, Garessio kò ṣe kìlógíráàmù kan. Ní ọdún 2016, Sanofi ta ilé iṣẹ́ náà fún Huvepharma, àwọn ará Bùlìgéríà tí wọ́n jọ ń ṣe é.

Àwọn kan sọ pé ìkùnà ni. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n fi tún oríta yẹn ṣe ni gbogbo iṣẹ́ tó tẹ̀lé e dúró lé lórí. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé kí ìwúkàrà mọ iṣẹ́ jẹ́ nǹkan kan, kí iṣẹ́ rẹ̀ dínwó ju ti àgbẹ̀ lọ jẹ́ nǹkan mìíràn. Ibi tí ewé bá ti pọ̀, tó sì rọrùn láti gbìn, àgbẹ̀ ló sábà ń borí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí oúnjẹ rẹ̀ ni. Ibi tí ewé kò bá ti ní ju fínfín lọ, tàbí tí igi náà ń pẹ́ kó tó dàgbà, ibẹ̀ ni ìwúkàrà ti wúlò jù lọ.

ÀWỌN TÓ TẸ̀LÉ E

Èèpo igi quillaja ní ilẹ̀ Chile ní ọṣẹ kan nínú tó ń jí ara ènìyàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. QS-21 ni orúkọ rẹ̀, ó sì wà nínú RTS,S, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Igi náà ń pẹ́ kó tó tóbi, èèpo rẹ̀ ni wọ́n sì ń bó. Ní ọdún 2024, wọ́n kéde pé ìwúkàrà ti ṣe QS-21 láti inú ṣúgà dé òpin.

Ti òdòdó Madagásíkà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1952, aláìsàn kan ní Jàmáíkà fi ewé rẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ránṣẹ́ nínú àpòòwé sí dókítà kan ní Kánádà, ó ní àwọn ará ibẹ̀ ń lò ó fún ìtọ̀ ṣúgà. Robert Noble, àbúrò dókítà náà, àti Charles Beer yẹ̀ ẹ́ wò. Kò wo ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàkíyèsí pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù, ní ọdún 1958 wọ́n sì kéde vinblastine. Vincristine, ìbátan rẹ̀, ni wọ́n ń fún àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 2022, Keasling pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì mú kí ìwúkàrà ṣe apá méjèèjì tí wọ́n ń so pọ̀ di vinblastine. Ìpele ọgbọ̀n ni, jíìnì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n yá láti ara ewéko. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n mìlígíráàmù kan kò pé nínú lítà kan, bí a bá fi wé gíráàmù 25 ti oògùn ibà. Iṣẹ́ ṣì pọ̀.

Gégemú, ewé tí àwọn òbí ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má fọwọ́ kàn, ní hyoscyamine àti scopolamine nínú. Bó ṣe ń da orí ènìyàn rú náà ni dókítà ń fi ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ tu inú tó ń lọ́ àti èébì tí kò dáwọ́ dúró. Oko igi Duboisia ní Ọsirélíà àti Bùràsílì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 2020, Christina Smolke àti Prashanth Srinivasan ní yunifásítì Stanford mú kí ìwúkàrà ṣe é.

Smolke yìí kan náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde ní ọdún 2015 pé ìwúkàrà ti mọ thebaine àti hydrocodone ṣe, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹbí mọ́fíìnì, oògùn apàrora. Ẹ́ńsáímù 21 ni ti àkọ́kọ́ gbà, 23 ni ti ìkejì, láti ara ewéko, ẹranko, bakitéríà àti ìwúkàrà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí ẹnì kan bá rí ìwúkàrà náà jí, ṣé kò ní máa pọn oògùn olóró ní ilé ìdáná? Nígbà náà, kí a tó rí oògùn tí ènìyàn kan yóò lò lẹ́ẹ̀kan, ó máa gba bí 17,000 lítà, nítorí náà ewu náà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn onímọ̀ kan pè fún òfin, kí a máa ti irú ìwúkàrà bẹ́ẹ̀ mọ́ ibi ìpamọ́ bí a ṣe ń ti oògùn olóró mọ́lé. Bó ṣe yẹ nìyẹn.

EWÉ EÉRAN

Ẹnikẹ́ni tó bá ti tú mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú ewé ti fọwọ́ kan ewé eéran. Thaumatococcus daniellii ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Àwọn tó ń já a nínú igbó mọ ohun tí àwọn tó ń rà á lọ́jà kò sábà mọ̀: nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, níbi tí pòpòrò rẹ̀ ti yọ, ó ní èso pupa onígun mẹ́ta. Kóró dúdú wà nínú rẹ̀, nǹkan rírọ̀ bí ògì tútù kan ló sì bò ó. Ẹni tó bá lá nǹkan rírọ̀ náà, adùn rẹ̀ á wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ́ títí. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1855, orúkọ tirẹ̀ sì ni èso náà ń jẹ́ títí dòní. Àwọn tó fi hàn án kò sí nínú orúkọ náà.

Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Unilever ní Nẹ́dálàńdì fa ohun tó ń dùn náà yọ. Purotéènì ni, thaumatin, ó sì dùn tó ìlọ́po 2000 ṣúgà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè lá a. Ní ọdún 1982, wọ́n ṣe àdàkọ jíìnì rẹ̀ sínú E. coli. Ó wà lára àwọn adùn inú ewéko tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ kòkòrò àìfojúrí, láti orí ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e láti inú kòkòrò kan sí òmíràn kí wọ́n lè rí i ṣe ní ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ṣì ń ra èso náà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti wọlé. Ìwé àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2014, tí Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó gbà á, sọ pé ẹni tó bá mú ewé tàbí ìmọ̀ ewé láti ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sì pín èrè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Àdéhùn náà dára, ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀. Bí jíìnì ewé kan bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, tí ilé iṣẹ́ kan sì lè fi ẹ̀rọ tò ó jọ láìfojú kan ewé, èwo ni ó mú kúrò nílẹ̀? Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Cali ní Kòlóḿbíà ní ọdún 2024 gbìyànjú láti dí ihò náà. Wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń jẹ èrè lórí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ yóò máa dá owó sí, kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò. Ìfẹ́ inú ilé iṣẹ́ ni owó náà ṣì wà, òfin kò tíì mú un ní dandan. Ó yẹ kí ìjọba tó ni ewé bí ewé eéran máa wà ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ lọ́wọ́: irú ewé tó ní, ẹni tó ń lò ó, ohun tó ń fi í ṣe. Oníṣègùn ìbílẹ̀ tó jókòó síhìn-ín lónìí ló mọ apá tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ náà.

OHUN TÍ ÌWÚKÀRÀ Ń JẸ

Bó ti wù kí jíìnì dára tó, ìwúkàrà kì í ṣiṣẹ́ lébi. Ṣúgà ló ń jẹ, owó ṣúgà sì wà lára ohun tó ń pinnu bóyá oògùn yóò dínwó tàbí yóò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Amyris fi kọ́ ilé iṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bùràsílì, lẹ́bàá oko ìrèké, láti fi ìwúkàrà ṣe farnesene, òróró tí wọ́n fi ṣe ohun ìpara àti epo mọ́tò. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé. A lè yí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ padà di ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ, ẹ́ńsáímù ló sì ń ṣe é.

Ohun tó kù ni iná tí kì í kú, nítorí àgbá tó ń pọn ìwúkàrà gbọ́dọ̀ tutù bó ṣe yẹ, kó máa rí afẹ́fẹ́ tọ̀sántòru, kí kòkòrò àjèjì kan má sì wọ inú rẹ̀. Bí iná bá kú fún wákàtí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè bàjẹ́. Ìyá oníirú mọ èyí: bí ooru bá jáde nínú agbọ̀n rẹ̀ lóru, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ láti inú òórùn rẹ̀ pé irú náà kò jẹ́.